Ẹjọ́ Odò Amoyè

Àyọ̀ká amọ̀kòkò kì í ṣe obìnrin tí ènìyàn ń fọwọ́ rọ́ tì. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló sì ń fi ìkòkò bọ́ ní Ìdí-Amọ̀. Odò Amoyè ló ń fi ọkọ̀ gbà lọ sọ́jà, nítorí ọ̀nà igbó kún fún gbòǹgbò. Ẹni tó bá ru ìkòkò gba ibẹ̀, àpáàdì ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ́jà.

Ni Akínsìkú, tí odò náà gba àárín oko rẹ̀ kọjá, bá ri òpó igi dí i. Òfin ìlú ni pé odò tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá lè gbà, ti gbogbo ayé ni. Èyí tí kò bá gba ọkọ̀, ti onílẹ̀ ni. Àyọ̀ká gbé ẹjọ́ lọ bá Olóyè Lísà.

Akínsìkú rẹ́rìn-ín. "Olóyè, omi tí kò mu orúnkún! Ewúrẹ́ ń là á kọjá."

Ẹlẹ́rìí méje ló búra bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá wọn wí o, wọn kò purọ́. Afẹsẹ̀rìn ni wọ́n, ibi ìlàkọjá nìkan ni wọ́n mọ̀, ta ni yóò sì fẹsẹ̀ la odò níbi tó jìn? Lísà ti fẹ́ dá Akínsìkú láre nígbà tí Àyọ̀ká kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi etí nìkan dá ẹjọ́ yìí. Ẹ wá bá mi wọkọ̀. Kí Akínsìkú náà wá."

Lísà ní kí wọ́n fa òpó díẹ̀ tu kí ọkọ̀ lè rí ọ̀nà. Ogójì ìkòkò ló wà nínú ọkọ̀. Lísà, tí kò kéré rárá, jókòó sáàárín wọn, Akínsìkú wà lẹ́yìn rẹ̀. Àjẹ̀ tí Àyọ̀ká fi ń tukọ̀ kò kan ìsàlẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi ìlàkọjá. Níbẹ̀ ni ìdí ọkọ̀ ti ha sórí yanrìn.

Akínsìkú pàtẹ́wọ́. "Ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́?"

Àyọ̀ká ká ìró sókè, ó sọ̀ sínú omi. Bó ti bọ́ sílẹ̀ báyìí, ọkọ̀ fúyẹ́. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ó tún gòkè, ó ń tukọ̀ lọ. Bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é nìyẹn. Háà, obìnrin!

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ọjà, ìkòkò kan kò sán.

"Akínsìkú," Lísà pè é, "kí lo gbà dé ọjà yìí?"

"Odò ni, Bàbá."

"Ṣé omi kan bàtà rẹ?"

Akínsìkú dorí kodò. "Rárá, Bàbá."

"Lọ fa òpó tó kù tu. Ẹlẹ́rìí méje ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì ti rí i."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ẹnu ẹlòmíràn dá ẹjọ́, ohun tí àwọn àgbà ń pa lówe fún un ni pé: ìròyìn kò tó àfojúbà.