Ọkọ̀ Ni Orímisàn Dojú Rẹ̀ Dé

Òkun ti jẹ ìlú wọn àtijọ́ tán. Ilé lọ, ibojì àwọn baba wọn lọ; àwọn tó ṣẹ́kù kó sínú ọkọ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sórí iyanrìn tóóró kan láàárín òkun àti ọ̀sà. Ìgbà ọ̀gìnìtìn ni, ìgbà tí ẹ̀fúùfù òkun máa ń wọ eegun lára. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àgọ́, wọ́n ń dá iná igi tútù tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ju ooru rẹ̀ lọ. Òkunlọ́lá, apẹja kan, yá ọkọ̀ kékeré, ó lọ wá ilẹ̀ gíga lódìkejì ọ̀sà. Ó fi ọkọ̀ ńlá rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, Orímisàn, ọmọ agbọ́-ìgbì-má-sá. Ọjọ́ tó dá kọjá, kò dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì jà. Ó ká gbogbo àgọ́ lọ bí ẹni ká ẹní. Òjò ń na àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní gbangba. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ sunkún mọ́, èyí ló sì ba àwọn ìyá wọn lẹ́rù jù. Ọkọ̀ ńlá Òkunlọ́lá tó lè bò wọ́n wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú ni àwọn ènìyàn yìí ń dojú ọkọ̀ dé fún: bí òkun bá gbé apẹja, wọn a dojú ọkọ̀ rẹ̀ bolẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú? Àwọn àgbà kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ má bú wọn o; ẹni tí kò bá ní èèwọ̀ ni kó sọ̀rọ̀.

Orímisàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ dì mọ́ ọn.

"Yéè! Ìyàwó, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí! Má pa á fún mi!"

"Ẹ dákun, Ìyá mi. Àwọn ọmọ yìí ń kú lójú wa. Ẹ bá mi gbé e."

Ìyá àgbà kò gbé e. Ó jókòó sínú òjò, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù ló bá Orímisàn dojú ọkọ̀ dé. Wọ́n kó àwọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi okùn dè é mọ́ èèkàn, Orímisàn sì sùn lé okùn náà títí ìjì fi rọlẹ̀. Ọmọ kankan kò kú. Lẹ́yìn náà wọ́n sunkún Òkunlọ́lá bí àṣà ti wí. Orímisàn nìkan ni kò sunkún.

Àfi bí Òkunlọ́lá ṣe yọ lórí omi. Ó ti rí ilẹ̀. Ajímùdà, àgbà tó ṣe olórí wọn, dúró létí omi, ó nawọ́.

"Dúró níbẹ̀! A ti sunkún rẹ. Òkú kì í gúnlẹ̀ sáàárín alààyè."

Orímisàn wọ omi dé àyà, ó di imú ọkọ̀ kékeré náà mú, ó kọjú sí àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin baba mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọkọ̀ ni mo dojú rẹ̀ dé, n ò dojú ọkọ mi dé. N ò tú irun, n ò wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Bí ẹ bá ní òkú ni, ẹ wọ inú omi wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó wọ omi. Ìyá Òkunlọ́lá ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó di ẹkún kó tó parí, ó sì sáré lọ fa ọmọ rẹ̀ gúnlẹ̀.

Ilẹ̀ tí Òkunlọ́lá rí ni ìlú wọn wà títí dòní, ṣùgbọ́n Orímisàn ni wọ́n ń kì: adojú-ọkọ̀-dé-má-dojú-ọkọ-dé. Láti ìgbà náà, obìnrin ibẹ̀ kì í ṣọ̀fọ̀ ọkọ tó bá òkun lọ, àfi bó bá fojú rí òkú rẹ̀. Oúnjẹ ọkọ náà ni yóò máa bù sílẹ̀ dè é. Àwọn kan bù ú títí wọ́n fi darúgbó. Ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n ní opó.