Ọdẹ́jọbí Tí Ó Kọ̀ Láti Sọ̀kalẹ̀ Lórí Òkè

Ìdààmú ló mú Ọdẹ́jọbí sọ̀kalẹ̀ wá sílé Ọ̀ṣúndùnsìn, ìyá arúgbó tí ń da owó ẹyọ wádìí ọ̀rọ̀ fún àwọn ará Ìṣeró. Ewú ti gba irùngbọ̀n rẹ̀. Kò láya, kò bímọ, kò sì sí ẹni tí yóò kí i bí ilẹ̀ bá mọ́, àfi Oyèéníran, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá.

Nígbà èwe, àwọn méjèèjì ló kó ẹgbẹ́ wọn jáde nílùú. Wọ́n ní àwọn kò ní sin baba kankan. Ọjọ́ tí baba Ọdẹ́jọbí ní kí ó wá jókòó sídìí òfì tí ìdílé wọn fi ń hun aṣọ, ọ̀bẹ ló fà yọ, ó gé gbogbo òwú rẹ̀ lójú àwọn àlejò. Wọ́n pàgọ́ sórí òkè, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń mu ẹmu, wọ́n ń fi àwọn tí ń kọ́lé ṣẹ̀sín. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ gbéyàwó.

Ọ̀ṣúndùnsìn da owó ẹyọ sílẹ̀. Odù Ọ̀kànràn ló yọ. Ó wò ó pẹ́.

"Aṣọ ọmọdé kì í bo ìdí àgbà," ni ìyá wí. "Ẹ mú ẹyẹlé, ẹ mú obì, ẹ mú ẹ̀wù ọdẹ tí ẹ fi ń yangàn lórí òkè, kí ẹ fi rúbọ. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù lọ dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀."

"Ìyá, ẹyẹlé kò ṣòro," ni Ọdẹ́jọbí fèsì. "Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni n kò lè ṣe."

"Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ni ẹbọ, ọmọ mi."

Oyèéníran rúbọ, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ nílé. Baba rẹ̀ bá a wí títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ó sì pín ilẹ̀ fún un. Kò pẹ́, ó láya, ó bímọ, iṣu kún abà rẹ̀. Ọdẹ́jọbí ní ojo ni Oyèéníran, ó sì padà sórí òkè.

Ó ṣe, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn bá òbí wọn jà, wọ́n gun òkè wá. Inú Ọdẹ́jọbí dùn. Ó rò pé òun tún ti lẹ́gbẹ́. Ó gbé ẹmu síwájú wọn, ó ń ròyìn bí òun ṣe gé òwú òfì. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn rọra sọ pé, "Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dá jókòó. Nítorí àwọn àgbà bíi yín la ṣe kúrò nílé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ọfà. Ó wá ẹyẹlé, ó wá obì, ó ká ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó gbé wọn fún Ọ̀ṣúndùnsìn láti fi rúbọ, ó sì kọrí sílé baba rẹ̀. Koríko ló bá ní àgbàlá. Aládùúgbò kan fi ojú oórì baba rẹ̀ hàn án; láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni baba ti lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dìde.

Ó padà tọ Ọ̀ṣúndùnsìn lọ. "Ìyá, ṣé ẹbọ mi kò dà ni?"

"Òrìṣà gbà á," ni ìyá dáhùn. "Ẹni tí yóò dá ọ lóhùn ni kò sí mọ́."

Oyèéníran ń yin ìyá, ìyá ń yin òrìṣà. Ẹni tí ó gbọ́ ẹbọ tí ó tètè rú u, ilé rẹ̀ kún. Ẹni tí ó gbọ́ tí ó pẹ̀gàn rẹ̀, àbámọ̀ ló kù sí i lọ́wọ́: Ọdẹ́jọbí di arúgbó, kò di baba ẹnikẹ́ni.