Bí Àwẹ̀ró Ṣe Di Elégbè, Òrìṣà Tí Kì Í Gba Ẹran Àgbò

Ẹ gbé ohun tó wà lẹ́nu yín mì. Ẹni tí kò bá lè gbé e mì, kó tu ú dànù, nítorí a kì í rún nǹkan lẹ́nu nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Elégbè. Elégbè, obìnrin tí ń lé orin tí àpáta ń gbè é, ìyá tó bínú nítorí ọmọ, tó fi ìlú sílẹ̀ fún ará ìlú, a-jókòó-sínú-òkúta-gbọ́-ohùn-ará-ayé, ẹ bá mi kí i! Ẹ kí i dáadáa, ẹ má ṣe bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá wọ́ wá síbí.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí Ìgbórò ṣì jẹ́ agboolé mélòó kan lábẹ́ àpáta, tí ẹkùn ń bú lẹ́yìnkùlé, tí èèyàn kì í dá lọ sódò tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Opó ni, ìkòkò ló sì ń mọ tà lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n àlọ́ pípa ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán tí òṣùpá sì yọ, tọmọdé tàgbà á máa rọ́ lọ sí ojúde ọba, ẹlòmíràn á gbé ẹní, ẹlòmíràn á gbé àpótí, àwọn obìnrin á di ẹ̀pà àti àgbàdo sísun sétí aṣọ, Àwẹ̀ró á sì jókòó sáàárín wọn, á wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Ààlọ́ o!" Agbo á hó "Ààlọ̀!" débi pé adìyẹ á ta jí nínú àgò. Àwọn tó ti di bàbá ọmọ láàárín wọn, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ni wọ́n jókòó sí nígbà tí eyín wọn ń ká. Òun ló kọ́ wọn ní gbogbo orin tí wọ́n mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ àṣà kan o. Láyé ìgbà náà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń pe ọba lẹ́jọ́ àfi agbo àlọ́. Ẹni tí ọba bá fìyà jẹ, á di ẹ̀sùn rẹ̀ sínú àlọ́, á fi orin sí i, á wá lé e ní ojúde. Bí agbo kò bá gbè é, ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbo bá gbè é, ìlú ló sọ ọ́ yẹn, ọba kò sì gbọdọ̀ fojú kan oorun títí yóò fi ṣe ohun tí orin náà wí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọba kì í bá ègbè jà.

Ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà ni Adéṣokùn, ọba gbígbóná, a-bínú-fọ́-igbá-ọbẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bí ó bá sín, ìyàwó rẹ̀ á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kó tó kí i. Àwẹ̀ró ní ọmọ kan ṣoṣo, Ìbídùn, ọmọbìnrin tó dàgbà tó ẹni tí ń relé ọkọ, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ti ń bá ìyá rẹ̀ ro oko. Adéṣokùn rí ọmọ yìí lọ́nà odò, ó ní òun fẹ́ ẹ. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, mo ti ní ẹni tí mò ń fẹ́." Ha! Ta ló ń sọ irú rẹ̀ fún Adéṣokùn? Nígbà tí Ìbídùn tún lọ pọn omi, kò padà wálé mọ́, ìkòkò omi rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá létí odò.

Àwẹ̀ró gba ilé Ọ̀dọ̀fin lọ, Ọ̀dọ̀fin tó jẹ́ olórí ìjòyè.

"Ọ̀dọ̀fin, ẹ bá mi wá ọmọ mi."

"Ìyá Ìbídùn, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní ó tẹ̀lé àwọn olóbì tó kọjá níjọ́sí ni."

"Ta ló rí i?"

Ọ̀dọ̀fin ń wo ilẹ̀. "Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa láàfin ni a ṣe ń sọ ọ́."

Irọ́! Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ayaba wá ra ìkòkò lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, bí ó ṣe ń kan ìkòkò náà wò láti mọ̀ bóyá ó sán, ó rọra ní, "Wọ́n tì í mọ́ yàrá tó kángun sí ògiri ojúde. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má dárúkọ mi." Inú bí Àwẹ̀ró gidigidi. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́, ó ń wọ ilé dé ilé, ó ní, "Mo fẹ́ lé orin kan lálẹ́ òní. Ẹ bá mi gbè é o. Ọmọ mi ló wà níbẹ̀." Wọ́n ní, "A ó gbè é, Ìyá. Ṣé ẹ̀yin náà ni à ń sọ ọ́ fún? A ó gbè é títí ilẹ̀ yóò fi mọ́." Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àwẹ̀ró gbà wọ́n gbọ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọba. Adéṣokùn kò rán oníkùmọ̀ kankan jáde, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n pa àgbò. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ìránṣẹ́ ààfin ti ń gbé ẹran àgbò yíyan kiri agboolé, epo ń kán lára rẹ̀, wọ́n ní, "Kábíyèsí ní kí ẹ fi èyí panu lálẹ́ òní. Ẹni tó bá gbé ẹran mì, kó bá òun gbé orin mì pẹ̀lú."

Ìpanu! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà! Ohun tí ó ń jẹ́ ló wá ṣe: ó wá pa ẹnu. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀fun ń dá tòló, etí kò gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe pé ebi ń pa wọ́n. Ọdún yẹn, iṣu ta. Wọ́n kàn rí ẹran ọ̀fẹ́ ni, àwọn ẹlẹ́nu-ẹran!

Nígbà tí òṣùpá yọ, ojúde kún bámúbámú. Ọba jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Àwẹ̀ró jókòó sáàárín agbo, ó ní, "Ààlọ́ o!" Wọ́n dáhùn, "Ààlọ̀," ṣùgbọ́n ohùn wọn nípọn, bí ohùn ẹni tí nǹkan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní àlọ́ òun dá lórí Ẹkùn tó jí ọmọ Àgbọ̀nrín gbé, tó sì ń sọ fún gbogbo ẹranko pé ọmọ náà ti bá ìjì lọ. Ó ní Àgbọ̀nrín dé ẹnu ọ̀nà Ẹkùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin:

Lílé: Ẹkùn, Ẹkùn, ọmọ Àgbọ̀nrín dà?
Ègbè: Ó ń bẹ nínú ilé.

Ó ti kọ́ wọn ní ègbè yìí lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Ó lé e, ó sì dákẹ́ kí wọ́n gbè é.

Kò sí ẹni tó gbè é. Ohun tí Àwẹ̀ró ń gbọ́ kò ju eyín tó ń rún ẹran lọ. Ó rò pé bóyá wọn kò gbọ́ dáadáa ni. Ó gbé ohùn sókè, ó tún un lé: "Ẹkùn, Ẹkùn, ọmọ Àgbọ̀nrín dà?" Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin tó gbẹ̀bí fún, ọkùnrin tó jẹ́ pé orin Àwẹ̀ró ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ sùn, àti àfẹ́sọ́nà Ìbídùn fúnra rẹ̀, tó mú egungun àgbò dání, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ òórùn ẹran náà, ó sì yé e.

Níbẹ̀ ni ohùn kan ti jáde láti ẹ̀yìn ògiri ààfin. Ohùn ọmọbìnrin ni, ó ti há nítorí ẹkún, ṣùgbọ́n ó mú orin náà bó ṣe yẹ kí a mú un:

"Mo ń bẹ nínú ilé o."

Kì í ṣe "ó" ló sọ. "Mo" ló sọ.

Adéṣokùn fò sókè lórí àga. "Ẹ dí i lẹ́nu!" Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ ohun tó sọ. Gbogbo ojúde ló gbọ́ ọ. Àṣírí ọba ti tú, kò tún sí olóbì kankan tí a lè purọ́ mọ́, bí ẹnì kan péré bá gbè é lásìkò yẹn, àwọn yòókù ìbá mú un lẹ́nu rẹ̀, ọba ìbá sì ṣí ilẹ̀kùn.

Àwẹ̀ró dìde. "Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ mi ti gbè é! Òun nìkan ló gbè é! Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ gbè é! Ẹ gbè é, ẹ̀yin aláìmoore wọ̀nyí!"

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan tún bu ẹran jẹ, Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá ìjayà ni tàbí ọ̀kánjúwà. Ohùn ẹ̀yìn ògiri tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, "Mo ń bẹ," ó sì gé síbẹ̀, nítorí àwọn ẹrú ọba ti ki aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí èémí fi bọ́ lára ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí wọ́n jáde tí wọn kò lè wojú ìyá rẹ̀, ó mọ̀.

Àwẹ̀ró kò ké. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún igbe. Inú bí i sí ọba, ṣùgbọ́n ọba kò jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí, ọba kò ṣèlérí kankan fún un. Àwọn tó jókòó yí i ká yìí ni inú bí i sí jù. Ó ní, "Ó dáa. Ẹnu tí kò dáhùn nígbà tí ìdáhùn kan lè gba ẹ̀mí là, kò ní dáhùn mọ́." Ó kọjá láàárín wọn, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, ó gba ẹsẹ̀ àpáta lọ, ó dojú kọ òkúta, ó sì lé orin rẹ̀. Òkúta tí kò lẹ́nu, tí kò jẹ ẹran ẹnikẹ́ni, ni ó gbè é: "Ó ń bẹ nínú ilé." Ó lé e, àpáta gbè é, títí àpáta fi là, Àwẹ̀ró sì wọ inú rẹ̀ lọ, àpáta sì padé.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá pe ọmọ, ọmọ gbọ́, ọmọ la ẹnu, kò sí ohùn. Wọ́n kí ará oko pé ẹ kú iṣẹ́, ará oko kò lè dá wọn lóhùn. Wọ́n lè pè, wọ́n lè kí, wọ́n lè bú èébú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fèsì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ ro ìlú tí wọ́n ti ń kíni tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ! Tọkọtaya ń fura síra wọn, ọ̀rẹ́ di ọ̀tá, ọjà tú. Nígbà ọyẹ́, iná ràn mọ́ koríko òrùlé ààfin. Èéfín bo Adéṣokùn lójú, kò rí ọ̀nà mọ́, ó ń kígbe pé, "Ọ̀nà dà? Níbo ni mo máa gbà?" Gbogbo ìlú ló dúró níta tí wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n fẹ́ sọ pé ibí ni, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń la ẹnu. Yàrá tí wọ́n ti Ìbídùn mọ́ ni wọ́n ti bá òkú ọba.

Nígbà náà ni Ọ̀dọ̀fin kó ìlú lẹ́yìn lọ sí ẹsẹ̀ àpáta, wọ́n wólẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ohùn Àwẹ̀ró jáde nínú òkúta, ó ní, "Ta ló jẹ ẹran náà?"

Ọ̀dọ̀fin fẹ́ sọ pé ọba ló pín in. Kò sí ohùn. Ó fẹ́ sọ pé gbogbo ìlú ni. Kò sí ohùn. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Òógùn bò ó, ó ń la ẹnu bí ẹja tí a gbé sórí ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó ní, "Èmi ni." Ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Èmi ni." Wọ́n ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ẹnu sì ń là lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó rò pé kò kan àwọn padà sílé pẹ̀lú ẹnu yíyadi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kú.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bọ Àwẹ̀ró, tí a ń pè é ní Elégbè, tí ẹran àgbò sì di èèwọ̀ níbí. A kì í pe nǹkan kan ní ìpanu, bí wọ́n ṣe pe ẹran náà lọ́jọ́ yẹn, àfi lẹ́nu ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí. A kì í fi aṣọ bo ẹnu lójúbọ Elégbè, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń fẹ́. Àgbàdo sísun, ẹ̀pà àti omi tútù ni à ń fi bọ ọ́, ohun tí ọmọdé ń jẹ nídìí àlọ́. Ẹni tó bá máa jọba ní Ìgbórò, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi wá síbí kó tó dé adé, yóò sì gbe orin Àwẹ̀ró títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Ẹni tó bá gbọ́ orin tí wọ́n lé ní ìlú yìí tí kò gbè é, kó má wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Elégbè.

Ẹ̀yin ń mi orí. Ẹ̀yin ń pòṣé sí àwọn ará àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, a gbọ́ igbe ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ògiri ilé olówó kan ládùúgbò wa níbí, ẹ ti ilẹ̀kùn yín, ẹ tan rédíò sókè, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ lọ kí baálé ilé náà kú àárọ̀, torí pé òun ló ń sanwó ọtí nígbà ọdún. Ẹ má wojú ara yín. Èmi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí a tó fi ẹyọ àgbàdo kan lélẹ̀ níwájú Elégbè lónìí, màá bi yín ní ohun tó bi àwọn baba yín, mi ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ olówó, mi ò fẹ́ gbọ́ "àwa", mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀rù bà yín.

Ta ló jẹ ẹran náà?