Bíríkì Mẹ́ta Tó Dín Nínú Ààfin Àwẹ̀ró

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹnu kò sinmi lórí òwe yìí. Ẹ̀yin náà ti pa á fún ẹlòmíì rí, ẹ má purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé ta ló ya wèrè débi tí yóò fi itọ́ mọlé? Ṣé omi wọ́n nílùú rẹ̀ ni? Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó fi itọ́ mọlé kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Amọlé tó mọṣẹ́ jù nílùú Ìdómọlé ni. Lágbókùn lorúkọ rẹ̀.

Obìnrin amọ̀kòkò kan wà nílùú náà, Àwẹ̀ró. Yàtọ̀ sí ìkòkò, ó máa ń mọ bíríkì kéékèèké tí kò tó àtàǹpàkò ọmọdé, yóò sun wọ́n níná títí wọn yóò fi pọ́n. Orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọmú, ìdí rẹ̀ ní ihò; bí ọmú èyí bá ti wọ ihò tọ̀hún, wọ́n di mọ́ra láìlo amọ̀. Agbọ̀n kan, ilé kan. Àká lè wà nínú èyí, odi ìlú nínú òmíràn. Ìsọ̀ Àwẹ̀ró nìkan la ti ń rí i rà, bó bá sì ti ta irú agbọ̀n kan tán, kò ní mọ irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìṣeré ọmọdé wá di ohun tí àwọn àgbà fi ń yangàn. Wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń gbé e pamọ́ sórí àjà, wọn ò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ayé!

Àwẹ̀ró ní òfin kan. Bí bíríkì ẹnìkan bá sọnù, yóò mọ òmíràn fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dúró ní ìsọ̀, lójú gbogbo èèyàn, kó sọ ibi tí ti àkọ́kọ́ wà. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ló fa òfin náà, àwọn tó ń pe ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ní ohun tó nù, kí wọ́n lè rí èyí tí wọ́n á fi to ilé kejì.

Lágbókùn ló ní Ààfin, agbọ̀n tí kò ní èkejì. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùnní. Ọmọ náà a máa jókòó ti agbọ̀n, a máa bẹ̀bẹ̀: "Bàbá, ẹ jẹ́ n kàn án lẹ́ẹ̀kan."

"Tó o bá dàgbà," ni bàbá ń dá a lóhùn.

Kò dàgbà. Ibà gbé e dè. Lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ fẹ́ pa dé, Lágbókùn ṣí agbọ̀n, ó kó bíríkì mẹ́ta tó jẹ́ ìdí òpó ẹnu ọ̀nà ààfin sí i lọ́wọ́. Ọwọ́ náà kò lágbára àtidì wọ́n mú mọ́. Bàbá ló bá a pa ìka dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ. Ẹ sì mọ àṣà wa: òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ, òbí kì í bèèrè ojú oórì ọmọ. Gbogbo àwọn tó lọ sìnkú náà mọ ibi tí bíríkì mẹ́ta yẹn wà. Lágbókùn ni kò mọ̀.

Ọdún yípo, oyè Baba Amọlé ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ yóò to ilé kékeré rẹ̀ sí ojúde ọba nírọ̀lẹ́, lásìkò tí ìrì ń sẹ̀ bí òjò. Èyí tó bá dúró títí oòrùn fi yọ ni wọ́n ń wò, nítorí ilé tí kò lè gba ìrì, kí ló fẹ́ bá òjò sọ? Gbogbo ìlú ti ka Lágbókùn sí olóyè. Ajíbógun nìkan, amọlé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun náà ń du oyè, ló ń tọ́ ọ níjà.

"Lágbókùn!" ó ké sí i lójú ọ̀nà. "Agbọ̀n tó ò ṣí láti èṣín, ṣé ẹyin lò ń sàba lé níbẹ̀ ni? Ká máa retí òròmọ?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Lágbókùn kò ronú kó tó fèsì: "Ààfin ni mò ń tò lọ́la, pípé ni. Wá fojú ẹ kà á!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Nígbà tó délé, Abẹ̀jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ lọ bá Ìyá Àwẹ̀ró. Ìyá ọlọ́mọ ni, yóò gbọ́."

"Kí n dúró ní ìsọ̀ kí n wí kí ni? Wọ́n á ní ibo ló wà. Ibo ni mo mọ̀, Abẹ̀jẹ́? Ibo ni wọ́n jẹ́ n mọ̀?"

Abẹ̀jẹ́ náà kò mọ ibẹ̀.

Lágbókùn wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bó bá ní kí wọ́n bu omi wá, ará ilé á bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ha erùpẹ̀ nídìí ògiri, ó tutọ́ sí i, ó pò ó, ó mọ bíríkì mẹ́ta. Kò níná tó lè fi sun wọ́n, ó fi osùn kùn wọ́n kí wọ́n lè pọ́n. Ọkùnrin tó ń lé ọmọ iṣẹ́ kúrò lórí ògiri bí amọ̀ wọn kò bá gún dáadáa ni o!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó to Ààfin sójúde. Ajíbógun wò ó yípo, kò rí àléébù kankan.

Nígbà tí oòrùn yọ, àká kékeré tí Ajíbógun tò dúró gbọn-in nínú omi ìrì. Ààfin ti dojú bolẹ̀. Nídìí òpó ẹnu ọ̀nà, ẹrẹ̀ pupa ló kù.

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka bọ ẹrẹ̀ náà, ó fi ra ọwọ́. "Lágbókùn, èyí ò rí iná rí. Kí lo fi pò ó?"

"Itọ́ ni, Ìyá."

"Itọ́ kẹ̀!" Ajíbógun pàtẹ́wọ́. "Ṣé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ọ́ ni?"

Ẹ̀rín sọ. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn tòótọ́ dà?"

Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè nílé Lágbókùn láti ọdún kan ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ìbídùnní ló mú wọn lọ."

Ẹ̀rín dá. Ajíbógun ṣí fìlà lórí.

"O ò ṣe wá bá mi?" ni ìyá arúgbó náà wí. "Gbólóhùn yẹn náà ti tó. Mo ní kí èèyàn sọ ibi tó wà. Ọwọ́ ọmọ rẹ ló wà. Ta ni mo kọ́kọ́ mọ ọ́n fún, bí kì í bá ṣe ọmọdé?" Ó nu ọwọ́. "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ọmọ mi, ìrì ni yóò wó o."

Ọba gbọ́, ó mi orí. "Lágbókùn, a bá ọ kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi itọ́ gbé ààfin ró lójú wa, a kò lè ní kó máa ṣolórí àwọn tó ń mọlé fún wa."

Ajíbógun ló jẹ oyè. Lágbókùn kò padà wá kó Ààfin nílẹ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò ló kó o, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń wó o, kò sì sẹ́ni tó lé wọn.

Àwọn àgbà ń pa òwe yìí nígbà tí ẹnìkan bá gbé ohun ńlá ka orí irọ́, ìbáà ṣe oyè, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe òwò. Kò dìgbà tí ìjì bá jà kó tó wó. Ohun tí kò tó nǹkan ni yóò tú u fó. Ṣùgbọ́n àgbà tó mọ ìdí òwe náà kì í fi ariwo pa á. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń fi itọ́ mọlé lè má ṣe ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé omi ni kò lè bèèrè.