Télọ̀ Tó Bèèrè Ipa Ìta

Ọkùnrin kan wà tí ó ń wọ pápá ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ ní kùtùkùtù, okùn ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nítorí pé ó gbàgbé láti bọ́ ọ sílẹ̀. Télọ̀ ni. Ó rò pé òun ni yóò kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀, báábà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara ti ara, ti wà níbẹ̀. Ó ti ń sáré yí pápá ká, kò sì mí hẹlẹhẹlẹ.

"Télọ̀ o! Oorun ò jẹ́ kí o jí ni?" Báábà kígbe bó ti ń kọjá.

"Ẹni tó fi òru ránṣọ kì í tètè jí," ni télọ̀ dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ló fi rín ẹ̀rín ọ̀hún.

Télọ̀ yìí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Ikùn rẹ̀ ti ń yọ síwájú, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣòkòtò tí ó ń rán fún ara rẹ̀ ń gba aṣọ ju ti oníbàárà méjì lọ. Kí ó má baà máa dá sáré, ó pe báábà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, báábà kì í dé ibi igi máńgòrò tó wà létí pápá kí ó tó jókòó, tí yóò di ìhà mú, tí yóò ní ikú dé. Télọ̀ a dúró dè é, a fà á dìde, a sì rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ púpọ̀ nígbà náà.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ báábà yá. Wọ́n wá ń jọ dé ibi igi náà. Lẹ́yìn náà, báábà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú dé, yóò sì dúró de télọ̀. Pé ó ṣíwájú kò dun télọ̀ tó bí ó ṣe ń dúró dè é.

Láti ìgbà náà ni ojú télọ̀ ti ń rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé aṣọ òun a ti rin gbingbin kí òógùn tó yọ lórí ètè báábà. Ó rí i pé ìyá tí ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń kí báábà ní "Eléré!", tí ó sì ń kí òun ní "Ẹ káàárọ̀" lásán. Nígbà tí bàtà báábà ya níwájú, tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, télọ̀ ní òmíràn nílé tí kò wọ̀. Kò sọ ọ́.

Ọjọ́ ìlú wá ń bọ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò mú àgbàlagbà ọkùnrin kan wá tí yóò sá ìyípo pápá kan ṣoṣo lójú gbogbo ìlú. Àwọn àgbà àdúgbò kó aṣọ fún télọ̀ pé kí ó rán ẹ̀wù tí eléré wọn yóò wọ̀. Wọn kò tíì yan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n télọ̀ ti gé aṣọ náà sí ìwọ̀n ara tirẹ̀.

Àárọ̀ tí télọ̀ bá báábà ní pápá yìí ni wọ́n fẹ́ yan eléré. Tíṣà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ti fi eérú la ipa mẹ́ta. Ó fi bíríkìlà kan ládùúgbò náà sí ipa inú, ó fi télọ̀ sí àárín, ó fi báábà sí ìta. Ṣùgbọ́n kò tò wọ́n sójú kan. Báábà jìnnà síwájú télọ̀ dáadáa.

Ojú títì nìkan ni télọ̀ ti ń rí àwọn eléré kí ó tó dé pápá, ojú ìlà kan ni gbogbo wọn sì ti ń gbéra níbẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná.

"Tíṣà, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ ti gbé báábà síwájú kí eré tó bẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni tíṣà wí. "Ipa ìta ló gùn jù ní kọ́rọ́, níbi tí pápá ti tẹ̀ yípo. Bí mo bá tò yín sójú kan, mo rẹ́ ẹni ìta jẹ ni. Ọgbọọgba ni ohun tí ẹ ó sá."

"Èmi náà lójú. Ẹni tó wà níwájú wà níwájú."

Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. "Télọ̀, ṣebí okùn wà lọ́rùn rẹ? Wọ̀n ọ́n!"

Télọ̀ kò wọ̀n ọ́n. Ó bọ́ okùn náà jù sórí koríko.

"Ẹ jẹ́ kó gba ibí, Tíṣà," ni báábà wí. "Ilẹ̀ kan náà ni." Ó sì bọ́ sí ipa àárín.

Télọ̀ dúró ní ìta, kò rí ẹnì kankan níwájú, inú rẹ̀ sì dùn. Tíṣà fun fèrè. Wọ́n gbéra. Kọ́rọ́ náà gùn, ó gùn, kò fẹ́ tán. Télọ̀ ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn, kò sì mọ̀ bóyá ti báábà ni. Ó wẹ̀yìn. Ó tún wẹ̀yìn. Bí ojú rẹ̀ bá ti yà, ẹsẹ̀ rẹ̀ a yà tẹ̀lé e. Nígbà tí báábà bá a dọ́gba, báábà ló ń wò, kò wo eérú ilẹ̀ mọ́. Ó kọjá sínú ipa báábà, ẹsẹ̀ wọn lọ́ mọ́ra, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Bíríkìlà di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó rọra sáré kọjá lára wọn, ó sì débi tí eré parí sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹnì kan wà tí ẹ rò pé wọ́n gbé síwájú yín. Ẹ kò tíì sá kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá gba ipò rẹ̀ lónìí, ọrùn yín kò ní sinmi ẹ̀yìn wíwò, òun náà ni ẹ ó sì gbé ṣubú. Ẹ wo ipa tiyín.

Télọ̀ dìde jókòó, eérú kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ọrùn-ẹsẹ̀ báábà ti ń wú.

"Báábà, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Báábà gbọn eérú kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ká ní o sọ fún mi pé o fẹ́ ipò eléré yìí tó báyìí," ni ó wí, "ǹ bá ti jókòó sílé."

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde. Ó ń tiro lọ sí ẹnu ọ̀nà.