Àga Tí Láníhun Yá

Ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Láníhun. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ bí a ti ń sáré. Ọwọ́ ni ó fi ń fà nílẹ̀ títí ó fi di géńdé. Nígbà tí ìjọ kan wá ta á lọ́rẹ kẹ̀kẹ́ arọ, irú èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, apá náà ni ó fi ń yí táyà rẹ̀ gun òkè tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń mí hẹlẹ kí ó tó gùn tán. Orí kẹ̀kẹ́ yìí ni ó ti kọ́ básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ lókè, láàárín àwọn arọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pàdé ní pápá iléèwé lọ́jọ́ Sátidé.

Ojú rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í tàsé. Kẹ̀kẹ́ ni kò jẹ́. Ó wúwo bí ọlọ. Kí ó tó yí i padà, bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jù tó o ń lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀, òun sì ń wò wọ́n láti etí pápá. Ó ń dùn ún wọra.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ní ojúlówó àga eré. Bádéjọ ni, ẹ̀gbọ́n wọn nínú ẹgbẹ́, tí àbúrò rẹ̀ fi àga náà ránṣẹ́ sí láti òkè òkun. Àga náà fúyẹ́, táyà rẹ̀ ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ jìjàkadì, ó sì ní ìgbànú méjì, ọ̀kan fún ìbàdí, ọ̀kan fún itan. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí mọ̀ pé ìgbànú ló ni eré: bí a bá so ó le, ara àti àga a di ọ̀kan, ibi tí èèyàn bá kọ ìbàdí sí ni táyà ń yí sí. Nígbà tí Bádéjọ ṣubú tí èjìká rẹ̀ yẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Láníhun.

“Máa lò ó ná,” ni ó wí. “Bí èjìká mi bá san, màá gbà á.”

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á wò yín sàn.”

Tọkàntọkàn ni Láníhun fi ṣe àdúrà náà, ó sì ń ṣe é lójoojúmọ́ ní oṣù àkọ́kọ́ tó yá àga náà. Nígbà tó yá, kò rántí rẹ̀ mọ́.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Ó gbá fún ìpínlẹ̀, ó gba àmì ẹ̀yẹ ní Ìlọrin àti ní Bàúṣì, àwọn ọmọ iléèwé sì ń kí i torúkọtorúkọ lójú títì. Níbẹ̀rẹ̀, ìgbànú ìbàdí nìkan ni ó ń so, ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó so méjèèjì. Nígbà tí ìgbànú itan gbó, ó gé rọ́bà inú táyà alùpùpù, ó ń fi í de itan mọ́ àga, kókó rẹ̀ a sì le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ní í bá a tú u nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí i nígbà náà, ẹ ó rò pé wọ́n bí i mọ́ àga náà ni.

Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà. Lọ́jọ́ tí Láníhun ní kí wélídà tú táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́, kí ó fi kan ọmọlanke tí wọn yóò fi máa fa omi, obìnrin náà lọ dúró níwájú kẹ̀kẹ́.

“Bàbá Àjọkẹ́, ẹ má tú u. Bó ti wù kó burú tó, tiyín ni.”

“Ṣé o tún fẹ́ rí mi lórí rẹ̀ ni?”

“Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mi ò fẹ́ ti rí yín.”

Láníhun rẹ́rìn-ín, wélídà sì tú u.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé wọn yóò ṣa àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà lókè òkun, pé Ìbàdàn ni wọn yóò ti ṣà wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú, wọn yóò wọn ara rẹ̀, wọn yóò sì ṣe àga tirẹ̀ fún un. Láníhun mọ̀ pé bí wọ́n bá mú òun, òun kò tún ní yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí ohun mìíràn tí ó ń fẹ́ láyé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣà wọ́n ní Ìbàdàn, ó ti ju bọ́ọ̀lù wọlé léraléra, inú akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ń ṣà wọ́n sì ti ń dùn sí i, nígbà tí Bádéjọ fi ọ̀pá abẹ́ abíyá tẹ̀ wọ pápá.

“Láníhun, èjìká mi ti san,” ó wí jẹ́ẹ́. “Mo wá gba àga mi.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n parí tòní.”

“Òní náà ni wọ́n ń ṣa èmi náà, àbúrò. Bó bá di ọ̀la, kí ni n óò fi í ṣe?”

Kò sí ẹni tó lè dá Bádéjọ lẹ́bi, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú. Láníhun na ọwọ́ sí itan rẹ̀, kókó kò tú. Òógùn ti jẹ́ kí rọ́bà náà máa yọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà tú u tì. Gbogbo pápá ń wo ọkùnrin kan tí kò lè bọ́ kúrò nínú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Níkẹyìn wọ́n mú ọ̀bẹ wá, wọ́n gé rọ́bà, wọ́n sì gbé Láníhun sórí sìmẹ́ǹtì bí ẹni gbé àpò gàrí. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. Ibẹ̀ ni ó jókòó sí tí eré fi bẹ̀rẹ̀ padà, tí táyà ń kọjá nítòsí ìka ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n mú Bádéjọ. Ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ Láníhun, nítorí ẹni tí kò ní àga kò sí nínú eré.

Ó padà sílé, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n rí àga kan fún un, ṣùgbọ́n ó ní apá òun ti kú. Mosúnmọ́lá kò bá a wí. Ó kàn ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ ni, bó bá yá, a tún gbé e kúrò. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń kọjá lórí àga eré, Láníhun a pè é, a wo itan rẹ̀, a bi í pé ta ló ni àga. Bí ó bá ní ti ẹlòmíràn ni, a ní kí ó tú okùn náà, kí ó dẹ̀ ẹ́. Kò tún sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mìíràn lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ìlú náà, títí kan àwọn tí kò gun àga onítáyà rí, fi ń pa á lówe fún ẹni tó bá ti sọ ohun olóhun di ara rẹ̀ pé: a kì í yá àga jókòó ká so itan mọ́ ọn.