Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Pariwo Bó Bá Ń Kọ́lé

Nígbà láéláé, nígbà tí orí ọ̀pẹ ṣì ń pa rọ́rọ́, ẹ̀gà kì í pariwo. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ, kò mọ ilé kọ́ rárá! Bó bá ti já imọ̀ ọ̀pẹ, á kàn máa hun ún lọ, ibi tó bá já sí náà nìyẹn. Nígbà mìíràn ilé á ṣí sókè, òjò á kún un. Nígbà mìíràn ìdí rẹ̀ á lu, ẹyin á sì já bọ́.

Ìyàwó rẹ̀ tún fẹ́ yé ẹyin. Ó ní, "Olówó orí mi, mo ti sunkún ẹyin tó. Bí ilé yìí bá tún bàjẹ́, ilé bàbá mi ni mò ń lọ."

Àyà ẹ̀gà já. Ó fò tọ agbọ́n lọ, nítorí ilé agbọ́n dorí kodò, òjò kì í sì í wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Agbọ́n ní, "Kí n tó kọ́ ọ síta, mo ti kọ́ ọ tán nínú mi. Ìfinúkọ́lé là ń pè é nílé wa. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀ o. Bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Má sọ ọ́ fẹ́nì kankan."

Ẹ̀gà ṣèlérí. Ó délé, ó dijú, ó kọ́ ilé náà nínú rẹ̀: ẹnu rẹ̀ dojú kọlẹ̀, ìdí rẹ̀ le dáadáa. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á kó má lọ gbàgbé. Bó bá fa imọ̀ kan, á ké, "Ìfinúkọ́lé!" Bó bá fa òmíràn, á tún ké e.

Kí ilé tó parí, gbogbo ẹ̀gà orí ọ̀pẹ ti gbọ́, wọ́n sì ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ agbọ́n ló ti rí i. Wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń ké e. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń kọjá gbé e sẹ́nu, ó fò ré òkun kọjá, ó sọ ọ́ fún àwọn mọlémọlé Róòmù. Àwọn yẹn pè é ní akitẹkitúra lédè Látìnì wọn, ni ayé bá gbà á.

Agbọ́n yọ oró, ó dé tìbínú-tìbínú. "Ọ̀dàlẹ̀! Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé ta ló ni ọ̀rọ̀ náà."

Agbọ́n bi wọ́n. Gbogbo orí ọ̀pẹ dáhùn pé, "Agbọ́n ni! Agbọ́n ni!"

Orí agbọ́n wú. Ó ká oró rẹ̀ padà, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá dákẹ́, màá ta yín." Ó wá kọ́ ilé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó lè máa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà kì í ti í kọ́lé láìpariwo. Ẹni tó bá ní ariwo náà pọ̀ jù, kó lọ bi ìyàwó ẹ̀gà, tó jókòó lé ẹyin rẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀ lóde.